Àwọn Straw Tó Wà Nínú Báàgì Mi

Màámi, ẹ kú ilé o. Ẹ kú àfojúsọ́nà wa, ẹ sì kú àdúrà ìdájí tí ẹ kì í jẹ́ kó yẹ̀. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ibi tí mo wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orí kápẹ́ẹ̀tì basement, yàrá abẹ́ ilé wa, ni orúnkún mi wà. Mo mọ̀ pé Bọ̀dá Déjì ni yóò ka lẹ́tà yìí sí yín létí nítorí ojú yín tí kò ríran dáadáa mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi, mo kí yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra kà á, ẹ má sì fo ibi tí kò dára nínú rẹ̀ nítorí pé ẹ fẹ́ bò mí láṣìírí. Mo kí ìyàwó yín, mo kí àwọn ọmọ. Mo kí Àǹtí Ṣadé ní Ìbàdàn. Mo kí Káyọ̀dé àbúrò mi, tí n kò tíì dá lóhùn lórí WhatsApp. Kó má bínú, yóò rí ìdí rẹ̀.

Ẹ ó máa rò ó pé kí ló dé tí mo fi kọ lẹ́tà tí gbogbo èèyàn lè kà, nígbà tí a jọ máa ń sọ̀rọ̀ ní gbogbo ọjọ́ Sunday. Ìwé kékeré kan wà tí àwa ọmọ Yorùbá tó wà ní Calgary ní Canada níbí máa ń tẹ̀ jáde, èmi ni mo sì ní kí wọ́n gbé e síbẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ sọ, ìṣojú ọ̀pọ̀ èèyàn ni mo ti ṣe é. Kò yẹ kó jẹ́ ìyá mi nìkan ni n ó jẹ́wọ́ rẹ̀ fún.

Àlàáfíà ni a wà. Snow ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní tó bá bọ́, inú àwọn ọmọdé a máa dùn. Tó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ kejì, gbogbo wa a ti máa wò ó bí àlejò tí kò mọ ìgbà tó yẹ kó lọ. Bàbá Irétí ọkọ mi ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ kọ̀ǹpútà rẹ̀ ní downtown. Redstone tí à ń gbé yìí jìnnà, bọ́ọ̀sì ibẹ̀ kò pọ̀, torí náà ilẹ̀ kì í mọ́ bá a nílé. Èmi náà ṣì ń ṣe nọ́ọ̀sì ní wọ́ọ̀dù àwọn arúgbó. Mo máa ń wẹ ìyá oní-ìyá, mo máa ń bọ́ wọn, mo máa ń ya irun wọn, tí ìyá tèmi sì wà ní Ìkirè tí n kò fọwọ́ kàn láti ọdún mẹ́jọ. Ní àdúgbò wa, mo mọ mọ́tò àwọn aládùúgbò mi ju bí mo ṣe mọ ojú wọn lọ. Ṣọ́ọ̀ṣì nìkan ni ibi tí mo ti lè wọlé kí èèyàn márùn-ún pe orúkọ mi lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ń sọ èyí kí ẹ lè mọ ìdí tí ohun kékeré fi di ńlá mọ́ mi lọ́wọ́.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì náà, èmi ni mo ń ṣe zobo. Láti ọdún kejì tí a dé ni. Mo máa ń se ìṣápá pupa pẹ̀lú ata ilẹ̀ àti èèpo ọ̀pẹ̀yìnbó, màá sẹ́ ẹ, màá jẹ́ kó tutù, màá sì bù ú sínú ife fún gbogbo ìjọ lẹ́yìn ìsìn. Nínú ife kọ̀ọ̀kan ni màá ki straw oníke kan sí, èyí tó ní ìlà pupa lára, tó ṣe é tẹ̀ lọ́rùn. Àwọn ọmọdé máa ń tò sí iwájú tábìlì mi. Ẹ ó rántí pé nílé wa, bí àlejò bá dé tí a ra mínírà fún un láìfi straw sí i, ṣe ni ẹ máa ń rán wa padà. Ẹ ní ẹni tí a kò fún ní straw, a kò kà á kún. Nítorí náà straw tí mo ń fi sí ife wọn, ìkíni ni lójú tèmi. Mo fẹ́ kí olúkúlùkù mọ̀ pé mo ka òun kún.

Bàbá kan wà níbẹ̀, Bàbá Akínọlá, tó bí díákónì wa kan. Ọmọ rẹ̀ ló mú un wá láti Òndó lẹ́yìn tí ìyàwó rẹ̀ kú, Airdrie ni wọ́n ń gbé. Bàbá ní àìsàn tó máa ń mú ọwọ́ gbọ̀n. Kò lè gbé ife dé ẹnu. Kò sẹ́ni tó bá mi sọ ọ́, iṣẹ́ mi ló jẹ́ kí n tètè rí i. Màá bu zobo dé ìlàjì ife, màá tẹ ọrùn straw náà fún un, màá sì gbé e ka orí tábìlì níwájú rẹ̀ kó lè kàn tẹ orí ba mu ún. Kò sí ẹlòmíràn tó ń fiyè sí i. Bàbá ò dúpẹ́ púpọ̀, èmi náà ò retí rẹ̀. Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn fún ọdún méjì.

Lẹ́yìn náà ni Mojísọ́lá dé.

Màámi, n kò ní fi bò fún yín. Mo ti ń jowú ọmọbìnrin yìí kó tó la ẹnu sọ̀rọ̀ straw rárá. Ẹnjiníà ni. Ó fi ọdún mẹ́fà kéré sí mi. Ìwé ìgbélùú PR wà lọ́wọ́ òun àti ọkọ rẹ̀ kí wọ́n tó gbéra ní Lagos, kò háyà basement ẹnikẹ́ni gbé rí, kò ṣe iṣẹ́ ìmọ́tótó ní ilé ìtura rí. Kò tíì pé ọdún méjì tí wọ́n dé tí wọ́n fi ra ilé ní Cochrane, níbi tí wọ́n ti ń rí òkè gbogbo láti ojú fèrèsé ilé ìdáná wọn. Tó bá sì pàdé mi, á kúnlẹ̀ dáadáa, á pè mí ní Ẹ̀gbọ́n Bọ́sẹ̀. Ì bá sàn kó jẹ́ agbéraga. Bó bá jẹ́ agbéraga ni, ǹ bá rí nǹkan sọ. Wọ́n ní òjòwú kì í lẹ́ran láyà. Èmi ń sanra, owú náà sì ń jẹ mí lọ.

Ní ìpàdé àwọn obìnrin lẹ́yìn ọdún Àjíǹde, Mojísọ́lá dìde. Ó ní òun dúró ti garawa ìdọ̀tí wa ní Sunday tó kọjá, straw ló kún inú rẹ̀ dé ẹnu, ohun tí a fi mu nǹkan fún ìṣẹ́jú márùn-ún péré. Ó ní kì í jẹrà. Ó ní atẹ́gùn máa ń gbé e kúrò nínú ìdọ̀tí lọ sínú odò, pé òun tìkára òun ti rìn létí Bow River tí òun ń ṣa á. Ó fi àwòrán hàn wá lára ògiri. Ó ní ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ ní ìlú yìí ló ti pa á tì, kí ló dé tí ilé Ọlọ́run yóò fi gbẹ́yìn.

Ariwo sọ. Màmá kan tó ti ṣe olùkọ́ rí ní Ìjẹ̀bú ní igbá ni àwọn fi ń mu omi nígbà tí àwọn wà ní kékeré, pé ẹnu ẹnì kankan ò ya, torí náà òun ò rí ohun tí à ń jà sí. Arábìnrin kan ní ọkọ òun ń wa ọkọ̀ ńlá tó ń mu epo bí ẹṣin lọ síbi iṣẹ́ epo rọ̀bì lójoojúmọ́, pé straw kọ́ ni yóò ba ayé jẹ́. Ọmọdébìnrin kan tó jókòó lẹ́yìn ní Abeg, who dey wash nylon pass my mama, abi na here dem wan teach us how to manage. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ìyá kan ní straw bébà tí wọ́n ń fún òun ní ilé oúnjẹ máa ń rọ̀ mọ́ òun lẹ́nu kí òun tó mu ìdajì, pé ṣe ló dà bíi kí èèyàn máa jẹ ìwé ìròyìn. Ẹlòmíràn ní ohun ìgbádùn kékeré tó kù fún àwọn ni àwọn òyìnbó tún fẹ́ gbà. Mojísọ́lá kò bínú sí ẹnikẹ́ni. Ó ń dáhùn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ẹ̀rín. Nígbà tí ìpàdé máa fi parí, wọ́n ti gbà fún un. Ìyàwó pásítọ̀ gbàdúrà fún un, ó ní Ọlọ́run fi ọmọ tó ní àròjinlẹ̀ jíǹkí wa.

Èmi jókòó, ẹ̀jẹ̀ mi ń hó. Ẹ̀yin ni mo ń rò, Màámi. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń fọ straw lẹ́yìn tí àlejò bá lọ, tí ẹ ó tò wọ́n sínú ife kí omi ro kúrò lára wọn. Ẹ̀yin tí ẹ ń sá ọ̀rá sí orí okùn pẹ̀lú aṣọ. Ohun tí ẹ ṣe ní Ìkirè fún ogójì ọdún, tí àwọn aládùúgbò fi ń pè yín ní ahun, òun ni Mojísọ́lá ṣe pẹ̀lú àwòrán lára ògiri, tí wọ́n fi ń pè é ní ọlọ́gbọ́n. Mo sọ fún ara mi pé nítorí yín ni inú mi fi ń ru. Irọ́ ni. Kò sẹ́ni tó bi mí ní nǹkan kan ní ìpàdé náà. Tábìlì mi ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ lé lórí, ẹnì kankan kò sì wo ojú mi.

Èyí tó wá dùn mí wọ egungun ni ti Irétí ọmọ mi. Ẹ mọ̀ pé ó ti pé ọdún mẹ́wàá. Mojísọ́lá ló ń kọ́ kíláàsì wọn ní Sunday school, ó sì fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní straw onírin kan nínú àpò aṣọ kékeré, pẹ̀lú orúkọ wọn lára rẹ̀. Irétí tí mo máa ń bẹ̀ kó tó fọ abọ́ kan, ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì tẹ́ẹ́rẹ́ fọ inú straw yẹn ní alaalẹ́, ó ń gbé e sókè sí iná wò ó bóyá ó mọ́. Ó wá bá mi ní ilé ìdáná lọ́jọ́ kan, ó ní Aunty Mojí says every plastic straw you ever used is still somewhere. Mo ní kí Aunty Mojí wá máa fún un lóúnjẹ nígbà náà. Ojú ọmọ náà rẹ̀wẹ̀sì. Mo rí i, mo sì ń ge àlùbọ́sà mi lọ.

Láti ìgbà ìpàdé náà, mo ti kó straw kúrò lórí tábìlì, àfi ẹyọ kan tí mo máa ń yọ́ fi sí ife Bàbá Akínọlá. Nígbà tí ọjọ́ Ìkórè ń bọ̀, wọ́n ní kí Mojísọ́lá bójú tó ohun mímu. Wọ́n ní kí èmi kàn se zobo, pé òun àti àwọn ọ̀dọ́ yóò pín in, kí n lè sinmi. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ nìyẹn, kí n lè sinmi. Lọ́jọ́ náà, kí a tó jáde nílé, mo sọ̀ kalẹ̀ lọ sí basement níbi tí páálí straw tó kù wà, mo di ìdì kan, mo tì í sínú báàgì mi. Bí ẹ bá bi mí nígbà yẹn pé kí ni mo fẹ́ fi ṣe, ǹ bá ní bóyá ẹnì kan á nílò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé nígbà tí nǹkan bá dàrú, wọn á wá mi wá.

Ìjọ kún fọ́fọ́. Bàbá Akínọlá wọ agbádá funfun, ó fi fìlà pupa lé e. Lẹ́yìn ìsìn a jókòó sí tábìlì nínú gbọ̀ngàn ìsàlẹ̀, Mojísọ́lá àti àwọn ọ̀dọ́ sì ń gbé ife káàkiri. Àwọn ife náà lẹ́wà, ife gíláàsì ni. Ó ti rò ó débi pé ó wá ẹ̀rọ tí yóò fọ̀ wọ́n. Nǹkan kan ṣoṣo ni kò rò, torí pé kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún un. Yàtọ̀ sí díákónì ọmọ Bàbá tó ṣì ń ka owó ọrẹ lókè, èmi nìkan ni mo mọ̀ ọ́n.

Ó gbé ife kan síwájú Bàbá, ó kún dé ẹnu. Ó kúnlẹ̀ kí i, ó kọjá lọ. Bàbá wo ife náà. Lẹ́yìn náà ó gbé ojú sókè, ó ń wò káàkiri gbọ̀ngàn, mo sì mọ ẹni tó ń wá. Ojú wa pàdé. Kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá lọ láti ibi tí mo wà sí ọ̀dọ̀ rẹ̀. Báàgì wà lẹ́sẹ̀ mi, àwọn straw náà wà nínú rẹ̀. Màámi, iṣẹ́ mi ni. Ohun tí mo ń ṣe fún owó oṣù lójoojúmọ́ fún àwọn tí n kò mọ̀ rí nìyẹn. Mo wo ojú bàbá náà, mo sì jókòó. Mo ń sọ lọ́kàn mi pé kí wọ́n rí i. Kí gbogbo wọn rí i lónìí.

Bàbá dúró díẹ̀. Nígbà tó rí i pé n kò dìde, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ife náà. Ó dé àyà. Zobo dà sí i lára láti ọrùn dé itan, ife bọ́, ó fọ́. Agbádá funfun náà pupa bí ẹni tí wọ́n gún lọ́bẹ. Bàbá sì ń sọ pé ẹ má bínú, ẹ má bínú, ẹ jọ̀ọ́, òun ti ba ayẹyẹ jẹ́. Àgbàlagbà tó lé ní ọgọ́rin ọdún ló ń bẹ àwọn ọmọ rẹ̀.

Mojísọ́lá sáré wá, ó kúnlẹ̀ sínú àfọ́kù gíláàsì, ó ń fi aṣọ nu Bàbá láyà, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Mo gbọ́ tí ẹnì kan lẹ́yìn mi sọ pé a ti sọ fún un, a sọ fún un pé kò yẹ kó fi tipátipá mú wa. Ohun tí mo ti ń fẹ́ gbọ́ láti oṣù bíi mélòó kan nìyẹn. Adùn rẹ̀ kò pẹ́ tó kí èèyàn gbé itọ́ mì.

Irétí ti dé ẹ̀gbẹ́ mi. Ó ń wá tissue tí yóò fún Bàbá. Kó tó bi mí ló ti ṣí báàgì mi, torí ibẹ̀ ni mo máa ń kó o sí. Ó rí ìdì straw náà. Ó wò ó, ó wo Bàbá, ó wá wo ojú mi. Ó mú tissue, ó pa báàgì dé, ó lọ. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìgbà tí a wọ mọ́tò, tí bàbá rẹ̀ ń sọ pé ohun tó ṣẹlẹ̀ yìí mà bani nínú jẹ́, ni ọmọ náà sọ jẹ́jẹ́ láti ẹ̀yìn pé You had them. Bàbá rẹ̀ bi í pé had what. Irétí kọjú sí fèrèsé. Mo ní kó jẹ́ kí a máa lọ.

Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi dákẹ́. Lórí WhatsApp ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn èèyàn ń dá Mojísọ́lá lẹ́bi. Ọ̀kan ní ọ̀làjú àṣejù ni. Ọ̀kan ní ẹni tó fẹ́ràn ẹja inú odò ju àgbàlagbà lọ ni. Mojísọ́lá kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun tọrọ àforíjì lọ́wọ́ gbogbo ìjọ, àti pé òun á fi kíláàsì àwọn ọmọdé sílẹ̀ fún ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ṣe. Mo ka gbogbo rẹ̀ nígbà ìsinmi oúnjẹ ní wọ́ọ̀dù. Nígbà tí mo padà sẹ́nu iṣẹ́, mo tẹ ọrùn straw fún aláìsàn kan, ìyá òyìnbó kan, mo sì di ife mú fún un títí ó fi mu tán.

Ní ọjọ́ kẹrin, mo wa mọ́tò lọ sí Airdrie. Snow ń fẹ́ kọjá lójú títì Highway 2 bí èéfín. Bàbá nìkan ló wà nílé. Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láti ìdì tí mo dì ní basement dé ìgbà tí ojú wa pàdé. Mo rò pé yóò lé mi jáde tàbí kó ní kò tó nǹkan. Kò ṣe méjèèjì. Ó ní òun rí mi lọ́jọ́ náà, òun sì mọ̀ pé mo rí òun. Ó ní òun rò pé ọ̀rọ̀ òun ti sú mi ni. Ó ní nígbà tí òun délé, òun sọ fún ọmọ òun pé kó máa fi òun sílẹ̀ nílé ní ọjọ́ Sunday, nítorí ó ti rẹ ẹni tó ń ran òun lọ́wọ́.

Màámi, ì bá sàn kó gbá mi létí.

Mo ń sunkún, ó sì jẹ́ kí n sun ún. Lẹ́yìn náà ó bi mí pé kí ni Mojísọ́lá ṣe fún mi. Mo ní kò ṣe nǹkan kan, mo kàn ń jowú rẹ̀ ni. Ó mi orí. Ó ní òun náà ń jowú, pé kí n má rò pé ọjọ́ orí ń wò ó sàn. Ó ní kò sí Sunday kan tí òun kì í jowú àwọn tó ń fi ọwọ́ kan gbé ife, tí wọ́n ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, tí wọn ò tilẹ̀ wo ibi tí ife náà wà. Ó ní ọjọ́ Ìkórè yẹn, nígbà tí òun rí i pé n kò dìde, ohun tí òun sọ lọ́kàn òun ni pé ó dáa, òun náà á gbé ife òun bí èèyàn. Nítorí náà kí n má kó gbogbo ẹ̀bi lé orí ara mi, òun ní díẹ̀ níbẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó fún mi ní agbádá náà kí n bá a fọ̀ ọ́. Ó ní ìyàwó ọmọ òun ti fọ̀ ọ́, àbàwọ́n rẹ̀ kò lọ tán, òun á máa wọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ó wá ní òun kọ́ ni mo ṣẹ̀ jù, kí n dìde kí n lọ sí Cochrane.

Mo lọ lọ́jọ́ kejì. Mojísọ́lá ṣí ilẹ̀kùn, ó fẹ́ kúnlẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe, mo dì í mú. Mo sọ ọ́ fún un lórí ìdúró. Ìbéèrè kan ló bi mí, pé ṣé láti ilé ni mo ti kó o sínú báàgì tàbí mo rí i níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Mo ní láti ilé ni. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní ẹ ṣé tí ẹ sọ fún òun, Ẹ̀gbọ́n, òun kò lè sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ báyìí. Ó rọra ti ilẹ̀kùn. Mo jókòó sínú mọ́tò níwájú ilé náà fún ìgbà díẹ̀. Àwọn òkè tí mo ń jowú wà níwájú mi, wọ́n funfun, wọ́n lẹ́wà gan-an, mo sì tún jowú.

Ní ìpàdé àwọn obìnrin tó tẹ̀ lé e, mo dìde, mo sọ ọ́ fún gbogbo wọn. Àwọn kan wo ilẹ̀. Màmá olùkọ́ ni kò jẹ́ kí ibẹ̀ tutù jù, ó ní wàyí o, kí la máa wá ṣe sí ọ̀rọ̀ straw. Mo ní kí wọ́n má dá a padà sórí tábìlì, òótọ́ ni Mojísọ́lá sọ, ohun tí ìyá mi náà ti mọ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n kí á fi èyí tó ṣẹ́ kù sínú ife kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò zobo, kí ẹnikẹ́ni tó bá nílò rẹ̀ mú un, kí a má sì bi í léèrè ìdí. Mojísọ́lá gbé ọwọ́ sókè, ó ní òun fara mọ́ ọn. Kò wo apá ọ̀dọ̀ mi. Ní Sunday yẹn, Bàbá Akínọlá mú tiẹ̀. Obìnrin kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ eyín fún mú, ìyá aboyún kan tí èébì ń gbé náà mú, arákùnrin kan tí a kò mọ̀ pé ọwọ́ rẹ̀ ti ń kú náà sì wá mú láìsọ̀rọ̀.

Mojísọ́lá ti padà sí kíláàsì rẹ̀. Ó ń kí mi, kì í kúnlẹ̀ pẹ́ mọ́, n kò sì bi í. Irétí kò bá mi sọ̀rọ̀ náà títí di ọ̀sẹ̀ tó kọjá, nígbà tí mo ń di irun rẹ̀. Ó ní Are you still jealous of her. Mo fẹ́ purọ́. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n mo máa ń mọ ìgbà tó bá dé báyìí. Ó ní Okay, ó sì fi orí rẹ̀ lé itan mi kí n lè dé ẹ̀yìn.

Màámi, ohun kan wà tí n kò bi yín rí. Ọdún mọ́kàndínlógún ni ẹ̀yin àti Ìyá Kékeré fi jọ gbé ilé kan náà. Bàbá wa máa ń rẹ́rìn-ín ní yàrá Ìyá Kékeré ju bí wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín ní tiyín lọ. Ọmọdé ni mí nígbà náà, ṣùgbọ́n mo ń gbọ́ ọ, ẹ̀yin náà sì ń gbọ́ ọ, torí ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín. Síbẹ̀, nígbà tí àìsàn dá Ìyá Kékeré dùbúlẹ̀, ẹ̀yin lẹ wẹ̀ ẹ́ títí ó fi kú. Gbogbo ìgbà yìí ni mo ti rò pé ẹ kò mọ owú ni, pé Ọlọ́run kò fi sí yín lára. N kò gbà bẹ́ẹ̀ mọ́. Nígbà tí mo bá pè yín, ẹ má kọ́kọ́ bi mí léèrè òtútù. Ẹ sọ fún mi bí ẹ ṣe ń jí láàárọ̀, tí ẹ ń kọjá níwájú ilẹ̀kùn rẹ̀, tí ẹ sì ń kí i pé ṣé ó jí dáadáa. Mo fẹ́ mọ ohun tí ẹ máa ń sọ fún ara yín kí ẹ tó la ẹnu.

Kí Ọlọ́run dá ẹ̀mí yín sí di ọjọ́ tí n ó fi ọwọ́ ara mi wẹ ẹsẹ̀ yín. Ilé kò ní dàrú mọ́ yín lórí, ojú yín yóò tún mọ́lẹ̀ kí ẹ lè rí Irétí dáadáa. Bàbá Irétí ní kí n dọ̀bálẹ̀ bá òun kí yín. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé, ẹ bá mi kí àwọn ará ilé ìsìn yín, ẹ sì bá mi kí àwọn ọmọ Ìyá Kékeré lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ pè wọ́n ní àbúrò mi.

Èmi ni ọmọ yín,
Bọ́sẹ̀dé